Ọwọ́ Méjì La Fi Ń Gba Ife Lọ́wọ́ Àgbà

Oòrùn ìlú yìí ló kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Gbogbo ẹni tó sọ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù fún mi nílé, òtútù ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n ra síwẹ́tà, mo rà á. Wọ́n ní kí n ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, mo ra èyí tí mo lè gbé. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé nígbà òtútù wọn, oòrùn kì í gòkè dé àárín orí, pé ẹ̀yìn ilé ló ń gbà kọjá bí àlejò tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun, àti pé kí oúnjẹ ọ̀sán tó dà nínú ènìyàn, ó ti wọ̀. Ẹlòmíì lè máà ka èyí sí nǹkan kan. Èmi kà á sí. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mo ṣe nílé láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù, ìmọ́lẹ̀ sì ni mo fi ń jẹun.

Bàbá mi ló fi mí sídìí rẹ̀. Oníṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n ní Ìlaró. Wọ́n ní àpótí ìjókòó kan, wọ́n sì ní aṣọ kan tí wọ́n ya òkun àti ọkọ̀ ojú omi sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó síwájú aṣọ náà ò fojú kan òkun rí. Kí wọ́n tó tẹ kámẹ́rà, wọ́n á ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà o, ẹ gbójú sókè." Nígbà tí wọ́n kú, mo gbé ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ sídìí fíìmù. Mo ya fíìmù ní Abẹ́òkúta, mo yà á ní Ìbàdàn, mo yà á nínú oko kan tí kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí tán. Fíìmù onífíìmù ni gbogbo rẹ̀. Ìparí ni orúkọ tèmi máa ń wà, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń dìde wá bàtà wọn. Mo wá sí ìlú yìí nítorí mo rò pé ibi tí kámẹ́rà ti wá ni wọ́n á ti mọyì ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹja ni mo bá pàdé. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan wà ní River Road, ní Barking, tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbé páálí láti inú ọkọ̀ sínú yàrá kan tó tutù ju ìta lọ. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún wa nípọn, síbẹ̀ òtútù mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ẹ gbọ́, ìka ni a fi ń yí lẹ́ńsì kámẹ́rà. Díẹ̀díẹ̀ la ń yí i títí ojú ẹni tí à ń yà á fi mọ́ kedere, kò sì fẹ́ ìwàǹwára. Kò pẹ́ tí àwọn ìka tí mo fi ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í kú lára mi. Nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń fi wọ́n kan ètè mi kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ tí kámẹ́rà bá padà dé ọwọ́ mi, ọwọ́ náà ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe Màámi lórí fóònù, èyí tí èèyàn fi ń ríra ẹni. Ìbéèrè kan náà nípa kámẹ́rà ni wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn tí a bá kíra tán.

"Ṣé o ti gbé ẹ̀rọ rẹ?"

"Rárá, Màámi. Kò tíì yá."

"Ó dáa. Ọlọ́run ò sùn."

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń sọ. "Màámi, ẹ sún síbi fèrèsé. Ojú yín ṣókùnkùn. Ẹ yí apá òsì sí ìta. Ẹ̀hẹn, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

"O tún ti dé! Ṣé fíìmù lo fẹ́ fi mí ṣe ni?" Wọ́n á kùn, àmọ́ wọ́n á sún. Èmi á sì máa wo bí ìmọ́lẹ̀ Ìlaró ṣe ń bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, inú mi á dùn sí i. Lẹ́yìn tí mo bá pa fóònù tán, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni ara ìyá rẹ, èmi ò ní mọ ohun tí màá sọ.

Marks Gate ni mo ń gbé, nínú yàrá kan nílé obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Dayọ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n. Ẹnu wọn ò ní ilẹ̀kùn, ọwọ́ wọn náà ò sì ní: ẹni tó bá rí wọn lẹ́ẹ̀kan ti jẹun lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ oúnjẹ àti tíì ni wọ́n ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri River Road. Wọ́n rí i pé mo ti ń rù, mi ò sì fẹ́ẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n wá ya ìkórè ìjọ wọn, kí n lè rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Fóònù wọn ni wọ́n gbé fún mi.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan létí ọjà East Street ni ìjọ náà wà. Gbogbo wọn wọ sùtánà funfun, kò sì sẹ́ni tó wọ bàtà, nítorí òfin ìjọ ni. Mo gbé fóònù sókè láti ya ojú wọn, ojú mi bá lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn. Ẹsẹ̀ tó ti wà nínú bàtà onírin láti ọjọ́ Ajé. Ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó wú ní ọrùn. Gìgísẹ̀ tó ti là, tí wọ́n fi òróró pa títí tó ń dán. Nígbà tí orin dé ojú ẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ náà gbéra nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń yà wọ́n, omi sì ń dà lójú mi.

Nígbà tí wọ́n wo ohun tí mo yà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. "Brother, sùtánà tuntun tí mo rán dà? Èékánná ẹsẹ̀ mi lẹ wá yà!" Alàgbà kan bi mí bóyá mo mu nǹkan kí n tó wá. Nígbà tí a délé, Màmá Dayọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú. "Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé God bless you o, àmọ́ next harvest, wọ́n á pe ẹlòmíì. Abeg, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń yà ní Ìlaró ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọ yàrá mi, mo dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ya nǹkan ní ìlú yìí, wọ́n sì ti lé mi lẹ́nu ẹ̀.

Ẹsẹ̀ yẹn náà ló ṣílẹ̀kùn. Màmá Dayọ̀ wọlé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọn ò tíì bọ́ kóòtù.

"Ìwọ, dìde. Mo ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, I won't lie. Àwọn onífíìmù kan wà ní River Road tí mo ń ṣe tíì fún. Mo ní kí wọ́n wá wo nǹkan tí tenant mi yà ní church. Ni director wọn, ará Kòríà kan báyìí, bá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó wò ó. Ó tún un wò. Kò rẹ́rìn-ín o! Ó ní, who is this? Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní bring him."

Ilé ìkẹ́rùsí òfìfo kan ni wọ́n ń lò, kò jìnnà sí ibi ẹja wa. Wọ́n ti kan yàrá ìyá àgbà kan sí àárín rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ìránṣọ, tábìlì kékeré, àga méjì, fèrèsé tí kò síbi tó ṣí sí. Ọkùnrin kúkurú kan dúró níbẹ̀, kámẹ́rà wà léjìká rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun láwọn ẹ̀gbẹ́ etí. "Jin" ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan ọmọdébìnrin tó ń gbé ìwé kiri níbẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ kanlẹ̀, mo ní, "Good afternoon, sir." Òun náà tẹrí ba. Ó gbé ife tíì kan fún mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Bó ṣe bi mí nìyẹn, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ọmọdébìnrin tó ń gbé ìwé kiri la ojú. Níbí, wọn kì í bi ènìyàn bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọjọ́ orí mi fún un. Ó mi orí. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n," ni ó sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

Ẹ ò lè mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ṣe fún mi àfi tí ẹ bá ti gbé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fẹ́ mọ̀. Ní ilé ẹja, ọmọ tí mo lè bí ń pè mí lórúkọ, ó sì ń fi ìka pè mí. Kì í ṣe ìwọ̀sí lójú tiwọn, mo mọ̀. Wọ́n ní gbogbo wa dọ́gba. Àmọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tí kò sì ní àbúrò níbì kan, ibo ni yóò jókòó sí? Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti wà lórí ìdúró. Ọkùnrin yìí bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì mọ ibi tí àga mi wà.

Ó ní kí n wá máa gbé iná. Mo ní, "Sir, cameraman ni mí nílé." Ó mi orí. "Mo mọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà, èmi ni." Ó fi ọwọ́ lù ú bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ọmọ.

Mo lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Ọ̀gá wọn ní òun ò ṣèlérí pé òun á tọ́jú ipò mi dè mí. Mo ní ó dáa. Ẹni tí omi ń gbé lọ ò ní wo irú koríko tó fẹ́ dì mú.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, orí àpótí iná ni èmi àti ará Kòríà náà, tí mo ti ń pè ní ọ̀gá, máa ń jókòó sí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju tèmi lọ, bí a ṣe ń já a ni a ń so ó, a sì gbọ́ra wa yé. Ó ní ó ku díẹ̀ kí òun pé ọmọ ogún ọdún ni òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fíìmù ní Kòríà, wáyà ni wọ́n ní kí òun máa fà. Ẹni tó ń fa wáyà kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi í sídìí lẹ́ńsì, ọ̀gá rẹ̀ a sì máa gbá a lọ́wọ́ tí àwòrán bá ṣe bàìbàì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín, bíi pé àmì ẹ̀yẹ ni. Nígbà tí kámẹ́rà wá di tirẹ̀, ó mọ òjò yà débi pé tí olùdarí kan bá ti fẹ́ òjò nínú fíìmù rẹ̀, òun ni wọ́n máa wá. Fíìmù tó yà fún àwọn ẹlòmíì sọ wọ́n di olókìkí. Wọ́n ń jó lórí pèpéle, òun ń ká wáyà.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni ó bi mí.

"Ọ̀kan náà ni, sir. Orúkọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń wá bàtà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ẹ̀rín náà wá tán lójú rẹ̀, ó sọ ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló wá sí Lọ́ńdọ̀nù, Barking yìí ló ti ń ránṣọ títí ojú rẹ̀ fi ń dùn ún. Á pè é lórí fóònù, á ní, "Ìgbà wo lo máa wá wò mí?" Ọ̀gá á dáhùn pé, "Tí mo bá parí fíìmù yìí." Tó bá parí ọ̀kan, òmíràn á ti dé. Orí òkè kan ló wà, tó ń dúró de yìnyín nítorí fíìmù ẹlòmíì, tí wọ́n fi pè é pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dúró yà á tán kó tó sọ̀kalẹ̀.

"Ó dára púpọ̀, yìnyín yẹn," ni ó wí. Mo gba abọ́ òfìfo ọwọ́ rẹ̀.

Látọjọ́ náà ló ti búra pé òun ò ní ya fíìmù ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ti ẹ̀gbọ́n òun, òun gan-an ni yóò sì darí rẹ̀. Ìyẹn ni fíìmù tí a ń ṣe. Òṣèré kan ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n náà, ìyá àgbà kan tó wá láti Kòríà, tó dàgbà ju ọ̀gá lọ dáadáa. Èmi ń pè é ní Màmá. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.

Gbogbo ibi yòókù nínú fíìmù náà ti parí, ó ku ibi ìkẹyìn. Màmá á se tíì, á bu ife méjì, á gbé ọ̀kan síwájú àga òfìfo, á bá àbúrò rẹ̀ tí kò wá sọ̀rọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ la há sí. Màmá á bu tíì, á wo àga, á lanu, ọ̀rọ̀ náà á jáde gbígbẹ. Ọ̀gá á ní kí a tún un ṣe. Á ní kí n sún iná. Á yí lẹ́ńsì. Á tún sọ pé kí n sún iná. Iná ò ṣe nǹkan kan. Èmi tó ń gbé e mọ̀. Àwòrán náà dára títí, kò kàn sí ènìyàn nínú rẹ̀ ni.

Ọjọ́rú ni Màmá gbé ife kalẹ̀. "Chair is not my brother," ó wí. Ó nawọ́ sí kámẹ́rà. "This also, not my brother."

Ọ̀gá ò gbé ojú kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó ní kí a sinmi.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fíìmù náà wá, wọ́n wọ bàtà tó mọ́. Wọ́n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní igun kan. Màmá Dayọ̀ tó ń pín bisikíìtì fún wọn ló gbọ́ ọ, wọ́n sì wá sọ fún mi lẹ́yìn ìkòkò omi gbígbóná.

"Wọ́n ní tomorrow last. Tí kò bá rí scene yẹn yà, wọ́n á kó ẹrù wọn, finish. Fíìmù náà kú nìyẹn."

Mo jókòó sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja ti fi ẹlòmíì sípò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ ti sọ fún mi. Tí fíìmù yìí bá kú, mi ò ní ẹja, mi ò ní iná, kámẹ́rà sì rèé, mo ti sún mọ́ ọn débi tí mo fi ń gbóòórùn rọ́bà ara rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ro ìbéèrè Màámi ọjọ́ Sunday. Ó ṣe mí bíi kí n má pè wọ́n mọ́.

"Kí ló dé tí kò fún ẹlòmíì gbé kámẹ́rà?" ni Màmá Dayọ̀ bi mí. "Màmá yẹn kàn fẹ́ kó wojú òun ni. Even me, tí mò ń se tíì, mo rí i."

"Ta ló máa sọ ọ́ fún un, mà? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Níwájú gbogbo àwọn ọmọ yìí?"

"Ehn, ẹnu rẹ ò lè sọ ọ́." Wọ́n fi aṣọ nu ọwọ́. "Ta ló wá jù ú lọ níbí?"

Mo wo Màmá Kòríà tó dá jókòó, tó ń gbé ife òfìfo yí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá ṣí lójú mi. Ọ̀gá kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá yìí bí kò ṣe pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ti rí i: ì báà jẹ́ ṣíbí, ì báà jẹ́ bisikíìtì kan, ó máa gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ná, á sì tẹ̀ ba. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ìyá mi ti gbá mi lẹ́ẹ̀kan nítorí mo fi ọwọ́ kan gba oyin.

Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Gẹ̀ẹ́sì mi àti tirẹ̀ ò tó nǹkan, mo wá fi ọwọ́ sọ ọ́. Mo nawọ́ sí ife. Mo nawọ́ sí àga, mo mi orí pé rárá. Mo nawọ́ sí ọ̀gá. Mo wá na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, mo tẹ̀ ba. Ìyá náà wò mí títí, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró ti ọ̀gá pẹ́kípẹ́kí. Mi ò ní purọ́: mo dúró síbi tí mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ á dé. Mo ti gbé iná mi sórí irin rẹ̀ kí ọwọ́ mi lè ṣófo. Wọ́n pe "Action!" Màmá se tíì, ó bu ife méjì. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó gbé ìkejì, ó rìn kọjá àga òfìfo, ó wá tààrà sí kámẹ́rà, ó na ife náà sí ọ̀gá.

Ọ̀gá sọ nǹkan kan ní èdè wọn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo rò pé ó ní kó padà. Màmá ò padà. Tíì ń ta sí i lọ́wọ́, ó sì gbóná. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa ò lè fi ọwọ́ àgbà sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí ó ń jà nínú ọ̀gá. Ó yí sápá ọ̀dọ̀ mi, kò tilẹ̀ wò mí, ó gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́.

Ó wúwo. Ìka mi kú bíi ti ara òkú. Mo gbé e sójú, mi ò rí nǹkan kan bí kò ṣe ìkùukùu, àwọ̀ funfun, àwọ̀ dúdú. Mo ní, Ọlọ́run bàbá mi, ẹ má dójú tì mí. Mo wá lẹ́ńsì, ìka mi yọ̀. Mo tún wá a. Díẹ̀díẹ̀ ni ìkùukùu náà ká, ọwọ́ méjì jáde, ọwọ́ ọkùnrin, lórí ife. Mo gòkè láti ọwọ́ sí ojú. Ọ̀gá ti tẹ̀ ba, ó sì gbé ojú sókè, ó ń wo ìyá yìí láìsí gíláàsì kankan láàárín wọn. Màmá sọ gbólóhùn kékeré kan. Ojú ọ̀gá bàjẹ́ bí ojú ọmọdé. Mo yí sí Màmá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tutù. Mi ò gbé kámẹ́rà kúrò lójú títí ọ̀gá fi mu tíì náà tán.

Ó gba kámẹ́rà padà lọ́wọ́ mi. Ó wo ohun tí mo yà nínú gíláàsì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ìkùukùu dé ìparí. Mo dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó jáde. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti tú yàrá náà, fèrèsé tí kò síbi tó ṣí sí dúró ti ògiri níta, àgádágodo sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo bẹ àwọn ẹlẹ́ja, wọ́n gbà mí padà síbi tó tutù jù. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo ń rò pé mo ti ba fíìmù òkú jẹ́, pé ìkùukùu yẹn ló bí i nínú. Mi ò pe Màámi. Tí wọ́n bá pè, màá ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá Dayọ̀ á gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Mi ò wọlé o. Just eat." Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń rò ó pé, tí mi ò bá sí mọ́, ta ni yóò mọ̀ ní ìlú yìí àfi ẹni tí yóò fẹ́ gba yàrá?

Màmá Dayọ̀ kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọn ò gbé oúnjẹ dání. "Wọ sòkòtò tó dáa. Director ẹ ní ká wá."

Yàrá kan ní àárín ìlú Barking ni wọ́n ti fi fíìmù náà hàn, èrò ò pọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń làágùn. Ó débi ìkẹyìn. Tíì, ife méjì. Ìkùukùu wá bo gbogbo ara ògiri, funfun àti dúdú. Kò gé e kúrò! Gbogbo ìgbà tí ìka mi fi ń wá ọ̀nà ló wà níbẹ̀, bí ẹni tí omijé bo lójú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ méjì lórí ife. Wọ́n kọ ohun tí Màmá sọ sí ìsàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n: "Àbúrò mi, o pẹ́ o. Ṣé o ti jẹun?"

Màmá Dayọ̀ bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Chineke," bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe Ìgbò.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá wá bá mi, mo fọwọ́ kanlẹ̀. Ó ní òun ń padà sí Kòríà. Mo ń dúró kó sọ pé fíìmù mìíràn ń bọ̀, pé kí n tẹ̀ lé òun, pé kí n máa retí. Kò sọ ọ́. Ó bi mí pé, "Ìyá rẹ ń bẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

"O máa ń rí i?"

"Lórí fóònù, sir. Ní ọjọ́ Sunday."

Ó mi orí títí. "Wò ó dáadáa," ni ó wí, ó sì lọ.

Mo pe Màámi lọ́jọ́ kejì. Òjò ńlá ń rọ̀ ní Ìlaró, wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé, iná ò sì sí. Ojú fóònù dúdú pátápátá, ariwo òjò lórí páànù nìkan ni mo ń gbọ́, àti èémí wọn.

"O ti gbàgbé mi," ni wọ́n wí.

"Ẹ má bínú, mà. Màámi, mo gbé e."

"O gbé kí ni?"

"Ẹ̀rọ mi."

"Ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo, mà."

"Wọ́n á tún gbé e fún ẹ?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Ọ̀la, ẹja ni."

Mo gbọ́ tí àga dún, tí egungun orúnkún wọn dún, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mi ò mọ̀ pé dídìde ti ń le fún wọn tó báyìí. "Dúró ná," ni wọ́n wí, "jẹ́ kí n lọ ṣí fèrèsé. O ò rí mi."

"Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, Màámi," mo ní. "Mò ń wò yín."